Ọkùnrin Kan, Arúgbó

Ní Kuttanad, níbi tí oko ìrẹsì ti rẹlẹ̀ ju òkun lọ,
ilé wa ló wà lórí ìwọ̀nba òkè tó wà níbẹ̀.
Wọn kì í pe orúkọ mi lásán.
Wọn á ní Ittiyavira, ọmọ Kunjeria,
ọmọ àlùfáà, ọmọ-ọmọ àlùfáà,
ìran ẹni tí Tọ́másì Àpọ́sítélì fọwọ́ ara rẹ̀ rì bọ omi.
Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi wí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ wí,
kò sì sẹ́ni tó bi omi léèrè.

Àpótí irin kan wà lábẹ́ ibùsùn mi:
ewé ọ̀pẹ tí wọ́n fi gègé irin kọ orúkọ sí, ìran mẹ́tàdínlógún,
lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù, àti àmì ẹ̀yẹ fàdákà
tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ṣe akápò ìjọ fún ogójì ọdún.
Mo máa ń ṣí i lálẹ́ Sátidé kí n tó gbàdúrà.
Ká sòótọ́, nígbà mìíràn
mo ṣí i tán, n kò gbàdúrà mọ́.

Àwọn tó ń ro oko wa ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn lódìkejì odò.
Jésù kan náà.
Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá sí ẹ̀yìnkùlé wa láyé àtijọ́,
inú ihò ilẹ̀ tí a tẹ́ ewé sí la ti ń da ìrẹsì olómi fún wọn.
Èmi náà ti dà á rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.
Mo gbé ọwọ́ sókè kí ìgbákọ má baà kan ewé.

Omi tí a kò bi léèrè, òun náà kò bi wá.
Lóru ọjọ́ kẹta òjò, apẹja méjì tu ọkọ̀ dé ojú fèrèsé.
Mo ní, “Àpótí mi ńkọ́?”
Wọ́n wo àpótí, wọ́n wo aboyún tó jókòó sídìí ọkọ̀.
Wọn ò sọ̀rọ̀.
Èmi náà ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó wa sí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú bírò.
“Orúkọ?” Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Tọ́másì.
N kò tíì dé ìran kẹta tó ti kọ tirẹ̀ tán:
Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọkùnrin kan, arúgbó. Kò ní bàtà.

Ẹní mi kan ẹní Chothi.
Rahel ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.
Àwo kan ṣoṣo ló kàn wá. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó tì í sí mi.
Kò gbé ọwọ́ sókè.
Ìka rẹ̀ kan ìka mi létí àwo.
Mo retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀.
Ìrẹsì náà gbóná, ó níyọ̀ díẹ̀. Ìyẹn nìkan.

Lóru, ó ń bá Olúwa sọ̀rọ̀
bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.
Mo fẹ́ gba tèmi ní èdè Síríà tí bàbá mi kọ́ mi;
ahọ́n mi wá àpótí, kò rí i.
Mo ní, “Olúwa, èmi ni.”
Díẹ̀ ló kù kí n fi “ọmọ Kunjeria” kún un.
Mo ní, “Ọkùnrin kan ni. Arúgbó. N kò ní bàtà.”
Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn
tí mo gbàdúrà tí n kò tẹ́tí sí ohùn ara mi.

Omi fà. Wọ́n bá mi rí àpótí nínú ẹrẹ̀.
Ewé ọ̀pẹ ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀.
Fàdákà nìkan ló ń dán; ó ń dán mi wò.
N kò ní purọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo nù ún mọ́ aṣọ mi
kí n tó fún ọmọ Rahel pé kó tà á, kó fi ra ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ ọkọ̀ lọ sódìkejì odò.
Wọ́n sáré gbé àga wá síwájú pẹpẹ fún mi.
Mo dúró níbẹ̀, omi ń kán lára ṣòkòtò mi.
Mo bi Rahel pé, “Ibo ni arúgbó ń jókòó níbí?”
Ó sún díẹ̀.